Bàbá Ń Sùn

Wọ́n ní Rachel Àbọ̀dé so kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá rẹ̀ mọ́ etí ìró, kò sì tú u títí wọ́n fi gbé òkú bàbá náà jáde. Wọ́n ní Olúdáre ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun fojú kan bàbá òun kó tó dágbére fáyé, Rachel sì dá a lóhùn pé, "Bàbá ń sùn. Máa lọ." Ní Fìdítì, ta ni kò gbọ́ ọ? Mobọ́lá náà gbọ́ ọ, ó sì gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni ìdajì tó gbà gbọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ohun tí èèyàn lè fojú inú rí. Ohun tí kò yé e ni ìdí tí ọmọ tó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ yóò fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dùn létí tán, ta ló tún ń wádìí rẹ̀?

Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Olúdáre Àbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé náà, tó pè ní Ilé Tí Mo Kọ̀. Ó ní ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń ta ọsàn lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ọmọ inú ìtàn náà ti dàgbà, bàbá rẹ̀ jẹ́ díákónì tó máa ń fi ọ̀pá gbá ẹni tó bá sùn nínú ìsìn, ọmọ náà sì sá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ní kì í ṣe Olúdáre ni, ẹni náà kò gbé Fìdítì rí. Ìwé náà dá ìjà sílẹ̀. Díákónì tó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bínú. Díákónì tí kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bínú jù ú lọ. Ìyàwó àkọ́kọ́ Olúdáre kó ẹrù. Ìjọ ní kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́ títí yóò fi ronú pìwà dà. Ó ránṣẹ́ sí wọn láti Ìbàdàn pé ebi kò pa òun.

Ó ní òun yí orúkọ gbogbo èèyàn padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe yí ti Rachel padà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá nílé. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un, èyí tó bá ojú tàbí ìwà rẹ̀ mu. Eyínmẹ́nugún ni àwọn ìyàwó agboolé Àbọ̀dé ń pe Rachel, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Olúdáre mú Eyínmẹ́nugún, ó fi í sínú ìwé. Ó rò pé orúkọ inú ilé ni, pé ara ìta kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ni, kò bá àwọn obìnrin pọnmi rí. Ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń dún jù ni ojú odò, ìdí ẹ̀rọ ata àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìyàwó kan ní Fìdítì tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Eyínmẹ́nugún.

Nígbà tó ṣì wà nínú ìwé, àwọn tíṣà àti ọmọ ilé ìwé nìkan ló ń kà á. Ìgbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo ìlú wá di ọ̀mọ̀wé. "Bàbá ń sùn" di àṣà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Bí o bá lọ yá ọlọ nílé ẹni tó háwọ́, ẹni tó bá ọ lọ á ní, "Jẹ́ ká máa lọ, Bàbá ń sùn níbí." Mobọ́lá náà ti sọ ọ́ rí, ó sì ti rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn ọmọ ilé ìwé á rí Rachel lójú títì, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ó ṣe dìde láti lọ fi ọrẹ sínú àwo, ẹnìkan ní ìjókòó ẹgbẹ́ akọrin sọ ọ́ wẹ́lẹ́, gbogbo bẹ́ǹṣì yẹn sì bú sẹ́rìn-ín. Rachel fi ọrẹ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, ó sì kó lọ sí Ìlọrà, sí ilé tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò fẹsẹ̀ tẹ Fìdítì mọ́.

Ìlọrà yìí náà ni wọ́n ti bí Mobọ́lá. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ó sì gbà pé ọmọbìnrin tó bá kàwé kò ní ṣi ọkọ fẹ́. Mobọ́lá kàwé dé fọ́ọ̀mù faifu, ó fẹ́ Akinolúwa, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀, ó sì bá a wá sí Fìdítì. Títí di òní kò tíì pinnu bóyá bàbá òun jàre. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, gbogbo wọn ti fò lọ. Adéolúwa wà ní Ìbàdàn, Olúwafúnmilọ́lá wà ní Ìlọrin, àwọn méjì tó kù wà ní Èkó, níbi tí ọmọ ti ń gbàgbé ọ̀nà ilé. Láràárọ̀ ni Mobọ́lá ń gbàdúrà fún wọn lórúkọ lórúkọ. Èyí tí kì í wálé ló máa ń fi ṣáájú, kí Ọlọ́run má baà rò pé òun ti pa á tì.

Ó ní ìsọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, níbi tó ti ń ta bíró àti ìwé ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ kọ́ nìyẹn. Bí èèyàn bá kú nínú ìjọ, Mobọ́lá ni wọ́n máa ń wá kó wá kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọn yóò kà níwájú pósí. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kò yí padà. Ó máa bi ọmọ òkú, ó máa bi aládùúgbò òkú, lẹ́yìn náà ó máa lọ jókòó ti ìyàwó tó pẹ́ jù nínú ilé òkú. Ó ní ọmọ á sọ bó ṣe fẹ́ kó rí, aládùúgbò á sọ bó ṣe rí láti ojú fèrèsé, ìyàwó ilé ló máa sọ bó ṣe rí. Kò kọ irọ́ rí, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fi ìbòrí bo òótọ́. Bí òkú bá jẹ́ ọ̀mùtí, á kọ pé ó fẹ́ràn àwùjọ. Bó bá jẹ́ obìnrin oníjà, á kọ pé kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ìjọ á mi orí, wọ́n á ṣàmín, òkú á lọ.

Lọ́dún 1992, Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá fún wọn wá bá a nínú ìsọ̀. Olúdáre Àbọ̀dé ti fẹ̀yìn tì kúrò ní Ìbàdàn, ó ti padà wálé, ìjọ sì ti gbà á padà. Ó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan nípa ayé rẹ̀ tí wọn yóò kà fún ìjọ lọ́jọ́ náà.

"Pásítọ̀, n kò kọ ti alààyè rí," ni Mobọ́lá wí. "Alààyè le. Òkú kì í sọ pé kí n lọ tún un kọ."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Màmá, nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn méjì péré ló kù nínú ọmọ Díákónì Àbọ̀dé, Bàbá Olúdáre àti Màmá Rachel. Mo ti lọ bẹ Màmá ní Ìlọrà. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó sí bẹ́ǹṣì bàbá àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò lè wá jókòó kí wọ́n tún máa ka ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn lé àwọn lórí. Bí ohun tí ẹ bá kọ bá wẹ̀ wọ́n mọ́, wọ́n á wá. Bí kò bá wẹ̀ wọ́n mọ́, wọn ò ní wá, n kò sì rò pé a tún máa rí ìgbà mìíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni Mobọ́lá ṣe gba iṣẹ́ náà. Ó tọ Olúdáre lọ níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ gbé orí itan.

"Akọ̀wé òkú!" ni ó fi kí i. "Ìyàwó wa, ṣé àsìkò mi ti tó ni?"

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa lè ka tiyín."

"Nígbà náà kó o yáa kọ ọ́ dáadáa. Èmi ò ní dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí àwọn yòókù."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kí a má purọ́. Ó sọ ti bó ṣe ń jí ọsàn ká, ó sọ ti tíṣà tó kọ́kọ́ fi ìwé lé e lọ́wọ́, Mobọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá ti dé ibi ikú bàbá rẹ̀, ọkùnrin náà á yí ojú sí títì.

"Ó wà nínú ìwé. Lọ dà á kọ."

"Bàbá, ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí kà á látorí, bí ẹni ń ka sáàmù: ilẹ̀kùn ìrókò, irin tó dè é, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí lẹ́ẹ̀mejì nínú ihò, bí Eyínmẹ́nugún ṣe sọ ohun tó sọ. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó kà á tán, Mobọ́lá bi í pé, "Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

"Ìyá Adéolúwa," ni ó wí, "bó ṣe dùn mí nìyẹn."

Mobọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ bá aládùúgbò, aládùúgbò sì tún ohun tí rédíò sọ sọ fún un. Ó wá ku ìyàwó ilé. Ìyá Àlàkẹ́ ló pẹ́ jù nínú agboolé Àbọ̀dé. Ìyàwó àbúrò Díákónì ni, òun ló ń se oúnjẹ fún Díákónì nígbà àìsàn ìkẹyìn yẹn. Orí ẹní ni Mobọ́lá bá a, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yàrá Díákónì ni mo bá wá. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ní ó wà lọ́wọ́ Màmá Rachel—"

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀?" Ìyá Àlàkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ibo? Ta ló fi ilẹ̀kùn sí yàrá nínú ilé yìí nígbà yẹn? Ẹnu ọ̀nà òde nìkan ló ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ìkélé ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, aṣọ funfun tí ìyá Eyínmẹ́nugún rán. Ewúrẹ́ gan-an ń fi orí tì í wọlé."

Mobọ́lá gbé bíró sílẹ̀. "Kí ló wá dí Bàbá Olúdáre lọ́wọ́ láti wọlé?"

Ìyá Àlàkẹ́ ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ padà sínú igbá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí Olúdáre sá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ kọ ìtàn sí. Díákónì kan ni ìtàn náà dá lé, tó ń fi ọ̀pá gbá àwọn tó ń sùn nínú ìsìn nígbà tí òun náà ń hanrun lórí àga. Wọ́n kà á sétí Díákónì Àbọ̀dé níwájú àwọn díákónì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tó délé, kò jẹun.

"Nínú àìsàn yẹn, ẹ̀kọ ni mo ń fún wọn mu lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Eyínmẹ́nugún dé," ni Ìyá Àlàkẹ́ wí. "Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, 'Ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín fún ayé, kó lọ bá ayé. N kò fẹ́ rí i.' Eyínmẹ́nugún dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó di ẹsẹ̀ wọn mú. Wọ́n ní bó bá fi lè wọlé, èpè ni àwọn máa fi pàdé rẹ̀. Ló bá nu ojú, ó jáde sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, 'Bàbá ń sùn.' Kí lo fẹ́ kó sọ? Ṣé kó sọ òdodo ọ̀rọ̀ yẹn fún un?"

"Ìyá, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí?" ni Ìyá Àlàkẹ́ wí. "Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ nínú rédíò."

Mobọ́lá kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ń gbàdúrà, kò rántí dárúkọ ọmọ kankan. Ní ọjọ́ kejì ó wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà.

Ó bá Rachel lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì tó ti wú gbé orí àpótí. Ojú ti hunjọ, irun ti funfun, ṣùgbọ́n nígbà tó rí Mobọ́lá tó sì rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó máa bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Eyínmẹ́nugún.

"Ọmọ káfíńtà! Ta lo wá kọ? Èmi ò tíì kú o."

"Ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa, Ìyá. Ìyá Àlàkẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ìkélé fún mi."

Ẹ̀rín náà kúrò. Rachel gbá ẹ̀wù rẹ̀ jọ. "Ìyá Àlàkẹ́ ń ṣarán ni," ni ó wí. "Mobọ́lá, má kọ ọ́."

"Ìyá! Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún Pásítọ̀ pé kí wọ́n wẹ̀ yín mọ́?"

"Mo ní kí wọ́n má ka tèmi. Mi ò ní kí wọ́n ka ti Bàbá. Bí o bá kọ pé èmi kọ́ ni mo dí i lọ́nà, wọ́n á bèèrè ẹni tó dí i. Olúdáre á sì bèèrè. Kí lo máa sọ fún un? Ẹni àádọ́rin ọdún, tó wọ aṣọ ìdúpẹ́, kó wá gbọ́ pé bàbá òun bínú sí òun títí dójú ikú? Jẹ́ kó máa bínú sí mi. Èmi ṣì wà láàyè, mo lè rù ú. Bó bá bínú sí òkú, ta ló máa bá a parí rẹ̀?"

"Ẹ wá fi Fìdítì sílẹ̀ fún un, ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún un."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Rachel wí, bí ẹni pé ìdáhùn nìyẹn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó wù mí kí n jókòó sí bẹ́ǹṣì yẹn o. Ojú fèrèsé ló wà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ pé Rachel kò ti ilẹ̀kùn, láìsí àlàyé, láìsí ìbéèrè, màá wá. Wọ́n lè fi kẹ̀kẹ́ tì mí wá. Ṣùgbọ́n má sọ ti Bàbá fún un."

Mobọ́lá ṣèlérí. Rachel ní kó dúró jẹ ẹ̀kọ, ó ní wọ́n ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mobọ́lá ní òun ò fẹ́ kí mọ́tò ìkẹyìn lọ, pé òun á padà wá láìpẹ́. Mọ́tò kò tilẹ̀ tètè gbéra. Ó jókòó pẹ́ ní gáréèjì láìṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti rántí ẹ̀kọ tí kò jẹ yẹn, nítorí kò tún bá Rachel lójú ayé mọ́.

Nígbà tí ìdúpẹ́ kù díẹ̀, Olúdáre wá sí pálọ̀ Mobọ́lá láti wá ka ohun tó kọ. Ó wọ awò rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bó ṣe ń kà á ló ń mi orí, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ níbi tó bá dùn mọ́ ọn.

"'Wọn kì í fi èrò ọkàn wọn sínú.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ìyàwó yìí! Oníjà nìyẹn túmọ̀ sí. Mo mọ ọgbọ́n yín."

"Bàbá, òótọ́ ni mo kọ."

Ó ń kà á lọ. Lójijì, ọ̀pá dákẹ́.

"'Rachel, àbúrò wọn, ló tọ́jú bàbá wọn dójú ikú. Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.'" Ó gbé ojú sókè. "Ta ló ní kó o kọ eléyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ sọ pé kí n fi í sílẹ̀."

"Pa á rẹ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Gbólóhùn kan ni. Màmá ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n á wá jókòó sí bẹ́ǹṣì bàbá wọn."

"Ta ló dí i lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀? Èmi ni mo lé e ni? Ìwé tí mo kọ, àròsọ ni. Ṣé o mọ ohun tí àròsọ jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá, wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí wọn ò kọ́ wa ni bí àròsọ ṣe ń lé èèyàn gidi kúrò nílùú."

"Mo yí orúkọ rẹ̀ padà!"

"Ẹ yí i sí èyí tí gbogbo ìyàwó ń pè é lójú odò. Ì bá sàn kí ẹ ti kọ Rachel. Rachel pọ̀ ní Fìdítì."

Ó fi ìwé náà lé orí tábìlì. "Ó dáa. Kì í ṣe òun. Bí kì í bá ṣe òun, ta wá ni? Sọ ọ́. Ìwọ tó o máa ń bi ọmọ, tó o máa ń bi aládùúgbò. Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?"

Ibi tí Rachel ti sọ pé ọ̀rọ̀ máa dé nìyẹn. Mobọ́lá rántí ìlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń wò ó tẹ̀rín tẹ̀rín, bí ẹni tó ti borí, ẹ̀rín náà ló bí i nínú.

"Kò sẹ́ni tó tì í," ni ó wí. "Kò sí ilẹ̀kùn. Aṣọ ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun."

"Kì í ṣe funfun," ni Olúdáre wí kíákíá. "Ìgbà tí ìyá mi rán an ló funfun. Nígbà yẹn eruku ti sọ ọ́ di pupa, wọ́n sì ti fi òwú dúdú lẹ etí rẹ̀."

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì yọ awò rẹ̀.

Mobọ́lá ń wo ọkùnrin arúgbó yìí, ó ń rí i níwájú aṣọ tí eruku ti sọ di pupa, níbi tó ti sún mọ́ ọn débi pé ó rí òwú etí rẹ̀. Ẹni tó rí òwú kò lè má gbọ́ ohùn.

"Bàbá," ni ó wí wẹ́lẹ́, "ẹ gbọ́ ohun tí Díákónì sọ."

Olúdáre ń fi etí agbádá nu awò tí kò dọ̀tí. "Ilẹ̀kùn ṣeé kàn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Èèyàn lè kan ilẹ̀kùn, kó pariwo, kí ayé bá a dá sí i. Aṣọ kò ṣeé kàn. Ọwọ́ lásán ló kù kí n fi gbé e, n kò gbé e. O fẹ́ kí n kọ ìyẹn? Kí n kọ ọ́ pé mo dúró níwájú àkísà, mo gbọ́ bàbá mi, mo yí padà?"

"Kì í ṣe pé kí ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé Màmá Rachel lórí."

"Òun náà parọ́ fún mi! Ó ní ó ń sùn. Ó wo ojú mi, ó ní ó ń sùn!"

"Kí ẹ má baà mọ̀ ni! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, nítorí kí ẹ má baà mọ̀ ni wọ́n fi dákẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ṣì ń pa á mọ́ fún yín títí di ìsinsìnyí, ẹ̀yin sì ti mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀."

Olúdáre dìde. Ó ń wá ọ̀pá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kọ ohun tó bá wù ọ́," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó tún ní, "Rárá o. Má kọ nǹkan kan. Ìdúpẹ́ mi ni."

"Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ dákun. Ká má tilẹ̀ kọ ọ́. Mọ́tò Ìlọrà ṣì wà ní gáréèjì. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ nísinsìnyí, ẹ kàn wọlé tọ̀ wọ́n, ẹ má sọ nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà rí i pé ẹ—"

Ó ti fi ọ̀pá gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà pálọ̀ sókè, ó tẹrí ba lábẹ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí ilé rẹ̀.